Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Èsì Ilé Ẹ̀kọ́ àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Íńgílándì Kí Ẹ Tó Yan Ibi Tí Ọmọ Yóò Lọ

Òbí tó bá ṣe WAEC nílé mọ̀ pé A1 ni òkè téńté, F9 sì ni ti ẹni tó fìdí rẹmi. Bí wọ́n bá wá gbé èsì GCSE ọmọ, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní bí ọmọ ọdún 16, lé e lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba, tó rí 9 níwájú Ìṣirò, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já. Kí àyà yín má já o: níbí, 9 ló ga jù, 1 ló kéré jù, ẹni tí kò gba nǹkan kan rárá ni wọ́n ń kọ U fún. Láti ọdún 2017 ni Íńgílándì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ḿbà rọ́pò lẹ́tà, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò ló sì kọ́kọ́ bọ́ sí i. 4 ni wọ́n ń pè ní standard pass, òun ló bá ìsàlẹ̀ C àtijọ́ dọ́gba. 5 ni strong pass. 7 ló bá ìsàlẹ̀ A àtijọ́ dọ́gba.

Èsì ọmọ kan kò le kà ju báyìí lọ. Èsì ilé ẹ̀kọ́ lódindi ló le: àwọn nọ́ḿbà tí ìjọba ń gbé jáde lọ́dọọdún, tí òbí fi ń yan ibi tí ọmọ yóò lọ. Bí nọ́ḿbà kan bá ti tóbi, a máa ń gbà pé ilé ẹ̀kọ́ náà dára. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ni pé: àwọn ọmọ wo ni wọ́n kà kí wọ́n tó rí nọ́ḿbà yìí, àwọn wo ni wọn kò kà? Ìbéèrè yẹn la ó máa bi gbogbo nọ́ḿbà tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ibi tí èsì wà, àti ìgbà tó ń jáde

Ojú òpó tí ẹ ń wá ni Compare school and college performance, lórí GOV.UK. Department for Education, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́, ló ni ín, ọ̀fẹ́ sì ni. Íńgílándì nìkan ló wà fún. Wales àti Northern Ireland ti pa irú tábìlì bẹ́ẹ̀ tì láti 2001, Scotland sì ní ìdánwò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ má fi orúkọ nìkan wá ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó ń jẹ́ St Mary's pọ̀ bí iyanrìn. Ẹ fi postcode wá a, tàbí URN, ìyẹn nọ́ḿbà oníǹkan mẹ́fà tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn nìkan. Ẹ ṣọ́ra síbí yìí: bí ilé ẹ̀kọ́ bá di academy, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí kò sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mọ́, wọ́n ń fún un ní URN tuntun, èsì àtẹ̀yìnwá rẹ̀ á sì dúró sórí ti àtijọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó dà bí ẹni pé àná ni wọ́n dá a sílẹ̀ lè ti wà níbẹ̀ fún ogójì ọdún, kí ìwà àtijọ́ rẹ̀ sì wà nínú fáìlì míì.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹjọ ni ọmọ ń gba èsì A level, ìdánwò ti bí ọmọ ọdún 18, Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ti GCSE. Tábìlì ìjọba kì í jáde lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí ẹ bá rí lórí bánà lẹ́nu géètì tàbí lórí wéèbùsáìtì ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹjọ, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ṣírò rẹ̀, ó sì lè yan nọ́ḿbà tó wù ú. Ti ìjọba á kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bíi provisional, èyí tó ṣì lè yí padà, nígbà ìwọ́wé. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni revised á dé, nígbà tí wọ́n bá ti tún àwọn ìwé kan máàkì, tí ilé ẹ̀kọ́ sì ti ṣàtúnṣe àṣìṣe. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lókè ojú ewé kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń kà.

Fọ́ọ̀mù Year 7, ọdún àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì, ń parí ní 31 oṣù Kẹwàá. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé èsì ọdún tó kọjá ni ẹ ó fi yàn. Ẹ sì rántí pé ọmọ tó ṣe GCSE ní 2025, oṣù Kẹsàn-án 2020 ló wọ Year 7. Ọ̀gá àgbà tó gbà á wọlé lè ti lọ.

Attainment 8: àyè mẹ́wàá

Nọ́ḿbà tí ẹ ó kọ́kọ́ rí fún ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni Attainment 8. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ (subject) tí ọmọ ṣe ni wọ́n ń kà. Àyè mẹ́wàá ni wọ́n ní láti kún. Ìṣirò gba méjì, Gẹ̀ẹ́sì gba méjì. Mẹ́ta jẹ́ ti àwọn iṣẹ́ EBacc, àkójọ iṣẹ́ ìwé tí ìjọba yàn: sáyẹ́ǹsì, computer science, ìtàn, jọ́gíráfì àti èdè. Mẹ́ta tó kẹ́yìn jẹ́ ti ohun yòówù tí ìjọba bá fọwọ́ sí, yálà GCSE míì tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Technical Award.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan. Ó gba 6 nínú Ìṣirò, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 12. Ó ṣe English Literature àti English Language, ó gba 6 àti 5. Nítorí pé ó ṣe méjèèjì, wọ́n á lọ́po èyí tó ga, 12 míì nìyẹn, 5 tó kù á lọ wá àyè nísàlẹ̀. Combined Science rẹ̀ jẹ́ 6-5: GCSE méjì ni wọ́n ń ka ìyẹn sí, ó gba àyè EBacc méjì, àpapọ̀ rẹ̀ 11. Ìtàn 7 ló gba àyè kẹta, ó di 18. Nínú àyè mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó ní Technical Award nínú ìtọ́jú ìlera, Level 2 Distinction, ìyẹn jẹ́ 7. Ẹ̀kọ́ ìsìn 6. Àti English Language 5 tó ń wá ibi jókòó. 18 náà nìyẹn. 12, 12, 18, 18: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60. Iṣẹ́ ọnà tó tún ṣe, tó gba 4, kò rí àyè. Ẹni tó bá gba 9 níbi gbogbo á ní 90.

Wọ́n á ṣe báyìí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú Year 11, ọdún tí wọ́n ń ṣe GCSE, wọ́n á sì pín in dọ́gba. Ìyẹn ni Attainment 8 ilé ẹ̀kọ́.

Bí ọmọ yín bá ń ṣe Technical Award, ẹ má ṣe gbọ́ Pass kí ẹ jókòó tì í. Pass méjì ló wà nínú ìwé kan náà. Ní Level 2, Distinction* jẹ́ 8.5, Distinction 7, Merit 5.5, Pass 4. Ní Level 1, Distinction jẹ́ 3, Merit 2, Pass 1.25. Ọmọ méjì lè délé pẹ̀lú Pass, kí ọ̀kan ní ohun tó bá GCSE 4 dọ́gba, kí èkejì fi díẹ̀ ju 1 lọ. Ọ̀rọ̀ Level tó ṣáájú ni kí ẹ wò.

Progress 8: ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀

Attainment 8 kò béèrè ibi tí ọmọ ti ń bọ̀. Grammar school tó ń fi ìdánwò ṣa àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù á ní Attainment 8 gíga, kódà bí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò bá fi nǹkan kan kún ohun tí àwọn ọmọ náà gbé wá látilé. Progress 8, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ló ń gbìyànjú láti yanjú èyí, òun sì ni àwa kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo nọ́ḿbà GCSE. Wọ́n á wo èsì SATs, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ ṣe ní Year 6, wọ́n á kó gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà tó ní irú èsì bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n á wo Attainment 8 tí wọ́n ní ní ìpíndọ́gba. Ká ní ti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ wa jẹ́ 54. Ó ní 60. Mẹ́fà ló fi jù wọ́n lọ. Ẹ fi àyè mẹ́wàá pín in, ó di +0.6. Ìyẹn ni pé nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó fi ohun tó lé ní ìdajì gíréèdì ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Òdo ni àárín. Nọ́ḿbà tó bá ní àmì ìyọkúrò kò sọ pé àwọn ọmọ kò mọ nǹkan kan, ó ń sọ pé wọ́n rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó rí nọ́ḿbà méjì míì, bíi −0.1 sí +0.5. Ọ̀pọ̀ òbí ń fò ó. Ẹ má fò ó. Ó ń sọ bí ó ṣe dájú tó. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní +0.2, tí òdo sì wà láàárín nọ́ḿbà méjì yẹn, average ni wọ́n á kọ sí i, nítorí pé ó lè jẹ́ oríire ọdún kan. Bí ọmọ inú Year 11 bá ṣe kéré tó ni àlàfo náà ń fẹ̀ tó, nítorí ọmọ méjì tó ṣàìsàn lásìkò ìdánwò lè fa gbogbo ilé ẹ̀kọ́ kékeré wálẹ̀. Kí wọ́n tó kọ well above average, nọ́ḿbà náà gbọ́dọ̀ tó +0.5, kí ìsàlẹ̀ àlàfo rẹ̀ sì ga ju òdo lọ. Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní +0.2, tí èyí tó wà lọ́nà kejì ní +0.3, tí àlàfo wọn sì wọnú ara wọn, ẹ má ti torí ìyẹn gbé ọmọ wọ bọ́ọ̀sì méjì láràárọ̀.

Àwọn ọdún kan wà tí ẹ kò ní rí ohun tí ẹ ń wá. Èsì 2020 àti 2021 kò sí fún ilé ẹ̀kọ́ kankan, nítorí Kòrónà mú kí wọ́n fagi lé ìdánwò, àwọn olùkọ́ ló sì gbé gíréèdì kalẹ̀. Progress 8 kò sì sí fún 2025 àti 2026, nítorí nígbà tí àwọn ọmọ yẹn wà ní Year 6, wọn kò ṣe SATs. Ẹ má rò pé ilé ẹ̀kọ́ ló fi í pamọ́. Fún ọdún méjì yìí, ẹ wo Progress 8 ti 2024 àti ti 2023, kí ẹ fi ti ìdá ọmọ tó gba 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò kún un.

Àwọn ọmọ tí kò sí nínú ìṣirò

Ọmọ tó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ ìkànìyàn oṣù Kìíní, Year 11, ni wọ́n ń kà. Èyí tó kúrò ní oṣù Kejìlá ti jáde nínú nọ́ḿbà. Bí ẹ bá rí ilé ẹ̀kọ́ tó ní 180 ọmọ ní Year 9, tó sì ku 160 nígbà tí wọ́n dé Year 11, ẹ béèrè ibi tí ogún yòókù wà. Ìdáhùn rere lè wà: ìdílé kó lọ, wọ́n wó àdúgbò kan. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ bá jókòó fún iṣẹ́ kan nìkan ni tábìlì ń kà. Ọmọ tí wọ́n sáré fi ṣe GCSE ní Year 10, tó gba 3, tó tún un ṣe ní Year 11, tó gba 6: ọmọ á mú 6 lọ síbi tó ń lọ, 3 ni yóò dúró lọ́rùn ilé ẹ̀kọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń da ojú rú jù. Ẹ ó rí èyí tí owó rẹ̀ ga ju òkè lọ, tí tábìlì sì kọ 0% síwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo wọn fìdí rẹmi. International GCSE ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìjọba kì í sì í kà á mọ́ tábìlì. Progress 8 náà kì í sí fún wọn. Èsì tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ bá tẹ̀ jáde nìkan ni ẹ ní, nítorí náà ẹ gba gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ọmọ tó ṣe é.

Ní ti University Technical College, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọmọ ọdún 14 ni wọ́n ń gbà, Progress 8 sì ń ka láti Year 6. Ohun tó lé ní ìdajì nínú àsìkò tí nọ́ḿbà náà ń wọ̀n, ibòmíràn ni ọmọ náà wà.

Ọdún 16 sí 18: lẹ́tà D tó ń tan ni jẹ

Fún A level, tábìlì ń fi máàkì rọ́pò gíréèdì: A* jẹ́ 60, A 50, B 40, C 30, D 20, E 10. Average point score per entry ni ìpíndọ́gba rẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní 35 wà láàárín C àti B. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ máàkì UCAS tí yunifásítì ń béèrè, nítorí níbẹ̀ A* jẹ́ 56, A 48, B 40, C 32, D 24, E 16. B nìkan ló jẹ́ nǹkan kan náà níbi méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí òbí tó bá fi B dán an wò fi ń rò pé ètò kan ṣoṣo ni.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló tún gba ìfarabalẹ̀ jù. BTEC National, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ kan, ní ìwọ̀n. Extended Certificate tóbi tó A level kan, Diploma tó méjì, Extended Diploma tó mẹ́ta, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n sì ń kọ fún èyí tó kẹ́yìn. D ibẹ̀, Distinction ni. Ọmọ tó mú DDD délé láti inú BTEC Extended Diploma ní máàkì UCAS 144, òun àti ẹni tó ní AAA nínú A level dọ́gba. DDD ti A level jẹ́ 72 péré. MMM jẹ́ 96, ó bá CCC dọ́gba. PPP jẹ́ 48, ó bá EEE dọ́gba. Ẹ bá wa sọ fún àwọn ìyá àti bàbá àgbà pẹ̀lú, kí wọ́n má bàa bá ọmọ tó ṣe dáadáa wí lórí fóònù.

T Level, ètò iṣẹ́ ọwọ́ míì, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2020, èsì àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù Kẹjọ 2022. Ọdún méjì ni, ó tóbi tó A level mẹ́ta, gíréèdì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ọmọ: Distinction* jẹ́ 168 ní UCAS, Distinction 144, Merit 120. Pass pín sí méjì, 96 tàbí 72, gíréèdì tí ọmọ bá ní nínú apá core ló ń yà wọ́n. Ọmọ tún gbọ́dọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ 45 ó kéré tán. Bí kò bá ṣe é pé, kò ní gba T Level, bí ìdánwò rẹ̀ tilẹ̀ dán bí góòlù. Nítorí náà, ẹ bi kọ́lẹ́ẹ̀jì léèrè ẹni tó ń wá ibi iṣẹ́ fún ọmọ: àwọn ni, àbí ọmọ fúnra rẹ̀?

Tábìlì ya A level, T Level, àti oríṣi iṣẹ́ ọwọ́ méjì tó ń jẹ́ Applied General àti Tech Level sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má fi nọ́ḿbà inú ọ̀kan wọ́n nọ́ḿbà inú èkejì. BTEC ni ẹ ń fi wé BTEC kọ́lẹ́ẹ̀jì míì.

100, 80, 72

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lè kọ ọ́ gàdàgbà pé 90% àwọn ọmọ òun ló yege, kí ó sì má purọ́. Ẹ wò ó báyìí. Ọmọ 100 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná. Ogún fi í sílẹ̀ kó tó parí. Nínú 80 tó kù, 72 yege. Ẹ fi 80 pín 72, ó jẹ́ 90%: pass rate nìyẹn. Ẹ fi 100 pín 72, ó jẹ́ 72%: achievement rate nìyẹn. Iye tó dúró dópin, 80%, ni retention rate. Achievement rate ló ń dáhùn ìbéèrè òbí, nítorí ọmọ yín kò tíì mọ̀ bóyá òun á wà lára ogún tàbí lára ọgọ́rin. Ìjọba ń gbé e jáde lọ́tọ̀ nínú National achievement rate tables, ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ apprenticeship náà sì wà níbẹ̀.

Nǹkan kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú sixth form, ìyẹn Year 12 àti Year 13. Àwọn kan máa ń ní kí ọmọ tí kò ṣe dáadáa ní ìparí Year 12 wá ibòmíràn lọ, ìpíndọ́gba A level wọn á sì lọ sókè lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá ìlà tó ń jẹ́ returned and retained for a second year.

Ọmọ tí kò bá ní 4 nínú Gẹ̀ẹ́sì tàbí Ìṣirò ní ọdún 16 gbọ́dọ̀ máa bá a lọ. Tábìlì ń fi hàn bí wọ́n ṣe sún síwájú tó nínú méjèèjì: òdo ni pé ojú kan náà ni wọ́n wà, àmì ìyọkúrò ni pé wọ́n rẹ̀yìn. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kan ọmọ yín, ìlà yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìpíndọ́gba BTEC ibẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo destinations, ibi tí àwọn ọmọ lọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, yálà ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí apprenticeship. Ó máa ń pẹ́ kó tó jáde, àwọn ọmọ tó lọ ní bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹ ó máa rí.

Bí ẹ bá bá lẹ́tà pàdé níbi tó yẹ kí nọ́ḿbà wà: SUPP ni pé ọmọ márùn-ún tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ ló ṣe é, wọ́n bo nọ́ḿbà náà kí a má bàa dá ọmọ mọ̀. NE ni pé ẹnikẹ́ni kò ṣe é. LOWCOV ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n lè kà kò tó ìdajì.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá ṣí ilẹ̀kùn fún òbí, ẹ mú bébà lọ́wọ́, kí ẹ bi olórí sixth form ní nǹkan mẹ́ta nípa iṣẹ́ tí ọmọ yín fẹ́ ṣe gan-an: ọmọ mélòó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Year 12 lọ́dún náà lọ́hùn-ún, mélòó ló padà wá sí Year 13, mélòó ló jókòó fún ìdánwò? Bí wọn kò bá ní i lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ímeèlì yín sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn á fèsì sílẹ̀ lójú wọn.